Kóńgò Kan Kì í Wọn Gbogbo Ọjà

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ "o" àti "ẹ", ìyẹn àpọ́nlé nínú arọ́pò-orúkọ, la máa sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ mi ní Ikosi tí kò jẹ́ kí n lè gbé ìyẹn kọ́kọ́ kọ.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa wá kí mi nírọ̀lẹ́ Sátidé. Mo mọ ìyá rẹ̀ dáadáa. Tòmátì ló ń tà ní Mile 12, ó sì ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Ọmọ náà kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, mechanical, ó jáde pẹ̀lú second class upper, ó sì fẹ́ lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà. Ó ti ṣe GRE. Ó gba 168 nínú ìṣirò, ó gba 158 nínú èdè. Inú mi dùn. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ìwé tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn, ìyẹn èyí tí yóò fi sọ irú ìwádìí tó fẹ́ ṣe àti ìdí tó fi fẹ́ ṣe é. Ó fún mi ní ojú ìwé kan tí kò kún. Ìlà mẹ́ta nínú rẹ̀ ń sọ máàkì tó gbà. Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kọ nípa ẹnikẹ́ni: pé láti kékeré ló ti fẹ́ràn ẹ̀rọ, pé iṣẹ́ kì í sú u.

Mo bi í pé, "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?"

Ó ní, "Prof, ẹ má ṣèyọnu. Máàkì mi ti tó. Ohun tí wọ́n ń wò nìyẹn."

Gbólóhùn yẹn, "máàkì mi ti tó", ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí ní Ketu, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Àwọn mìíràn tún wà lódìkejì tí wọ́n ní ìdánwò ò wúlò rárá, pé kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ dànù. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló ṣì í. Máàkì ò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ká sọ ọ́ nù, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ fún ọmọ tí kò ní èèyàn ńlá kankan lẹ́yìn.

Ohun tí kóńgò ń wọ̀n

Ní 1936 ni GRE bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àjọ Carnegie àti yunifásítì mẹ́rin ní Amẹ́ríkà jọ wá ohun tí wọ́n lè fi wo àwọn tó fẹ́ kàwé sí i lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Wọ́n dá ETS sílẹ̀ ní 1947, ọwọ́ wọn sì ni ìdánwò náà wà títí dòní. Láti 2011, máàkì apá ìṣirò ń lọ láti 130 dé 170, bẹ́ẹ̀ náà ni ti apá èdè. Apá kẹta ni ti àròkọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2023 wọ́n gé e kúrú: ohun tó ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin tẹ́lẹ̀ kò pé wákàtí méjì mọ́. Ẹ fi wákàtí méjì yẹn sọ́kàn, nítorí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́hùn-ún máa ń gba bí ọdún márùn-ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀wà ní Mile 12 mọ kóńgò. Kóńgò dára. Bí kò bá sí kóńgò, oníkálukú á máa fọwọ́ bù ú, ìjà ò ní tán lọ́jà. Ẹni tó mọ ọlọ́jà á rí ẹ̀kúnwọ́ gbà, àlejò á gba ìdajì. Kóńgò ni kì í wojú. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló ń sọ fún yín: bí ẹ̀wà náà ṣe pọ̀ tó. Kò lè sọ bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, kò lè sọ bóyá yóò tètè jinná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn á bu díẹ̀ sọ́wọ́, á fi eyín gé ọ̀kan wò, á sì bi ìyá ọlọ́jà pé ìgbà wo lẹ̀wà yìí dé.

Ìdánwò tí a gbé ka iwájú gbogbo èèyàn lọ́nà kan náà, kóńgò ni. ETS fúnra wọn kò pè é ní ohun mìíràn. Nínú ìlànà tí wọ́n ń fún àwọn yunifásítì, wọ́n kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi máàkì GRE nìkan pinnu ẹni tí wọ́n máa gbà. Wọ́n sì máa ń tẹ ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ jáde, nítorí ẹnì kan náà lè ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì kí máàkì rẹ̀ má dọ́gba, láìjẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ yí padà. Ẹni tó rọ kóńgò ní ẹ má fi òun nìkan rajà. Àwa tí à ń rà la ò gbọ́.

Ìṣòro kan tún wà tó kan ìmọ̀ ẹ̀rọ gan-an. Ìṣirò inú GRE kò kọjá ohun tí ọmọ sẹ́kọ́ndírì tó já fáfá lè mọ̀: álíjébírà, jiọ́mẹ́tírì, kíka àtẹ. Àwọn tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ti kọjá ìyẹn tipẹ́. Nítorí náà, òkè ni ọ̀pọ̀ wọn ń kóra jọ sí, nítòsí 170. Bí gbogbo kóńgò bá kún dẹ́nu, kí la fẹ́ fi ya ẹ̀wà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì? 168 tí ọmọ yìí gbà sọ fún ẹni tó ń ka ìwé rẹ̀ pé kì í ṣe òpè nínú ìṣirò. Ó dáa. Àwọn tí ìwé wọn wà lórí tirẹ̀ àti lábẹ́ tirẹ̀, àwọn náà kì í ṣe òpè.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí

Kí n má baà jẹ́ pé èrò ọkàn mi nìkan ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ méjì tí wọ́n máa ń tọ́ka sí nínú àríyànjiyàn yìí.

Ní 2001, Nathan Kuncel, Sarah Hezlett àti Deniz Ones kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, èyí tó kan akẹ́kọ̀ọ́ 82,659. Wọ́n rí i pé máàkì GRE ń sọ nǹkan kan ní tòótọ́: ẹni tó ṣe dáadáa nínú rẹ̀ sábà máa ń ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ kíláàsì, pàápàá lọ́dún kìíní. Ìdánwò tó dá lórí ẹ̀kọ́ ẹni gan-an tún ń sọ òótọ́ ju ti gbogbogbòò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀rọ̀ ta ni yóò parí oyè náà àti iye ọdún tí yóò gbà á, ohùn máàkì wálẹ̀ gidi.

Ní 2018, Sandra Petersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé 1,805 wò nínú sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò, ní yunifásítì ìjọba mẹ́rin. Máàkì ìṣirò GRE kò lè yan àwọn tó máa parí yàtọ̀ sí àwọn tó máa kúrò lágbedeméjì. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé láàárín àwọn ọkùnrin, àwọn tí máàkì wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá parí ju àwọn tó wà lókè téńté lọ.

Àwọn kan ka èyí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Ìdánwò kò wúlò." Ẹ rọra. Àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n ti gbà wọlé nìkan ni ìwádìí náà lè wò. Àwọn tí wọ́n kọ̀ kò sí nínú ẹ̀. Èkejì, ọmọ Amẹ́ríkà àti àwọn tó ní ìwé ìgbélùú ibẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò. Ọmọ tó ti Ketu lọ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹni tí máàkì rẹ̀ rẹlẹ̀ tí wọ́n sì gbà á wọlé, ohun mìíràn ni wọ́n rí nínú ìwé rẹ̀ tó gbé e wọlé. Bí irú wọn bá wá parí ju àwọn olókè lọ, ohun mìíràn yẹn ló yẹ ká wá lọ. Kí ni?

Ilẹ̀kùn tó tì mọ́ omi

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Mo bi í pé kí ló ṣe ní project ọdún ìkẹyìn. Ó fọwọ́ dà á nù. "Ah, Prof, ẹ̀rọ tó ń gbẹ tòmátì ni. Kò tó nǹkan."

Mo ní kó ṣáà sọ fún mi. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí pé Yorùbá la jọ ń sọ. Ìyá rẹ̀ ló fà á. Nígbà tí tòmátì bá pọ̀ lọ́jà, tí tírélà bá ń jáwọ́n sílẹ̀ láti Òkè Ọya, apẹ̀rẹ̀ tí wọn ò bá tà láàárín ọjọ́ méjì, omi ló ń dà. Ọmọ náà fi pákó àti páànù kan àpótí, ó fi gílóòbù àti fáànù sí i. Nígbà àkọ́kọ́, ó gbé ooru sókè kí ó lè tètè gbẹ. Tòmátì gbẹ, ó pọ́n, ó dára lójú. Lọ́jọ́ kẹta ó bu nínú. Wọ́n ní tòmátì ló ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ègé tòmátì ní wákàtí-wákàtí, tọ̀sán-tòru, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wá rí i pé ìwúwo rẹ̀ ń dín kù, ń dín kù, ó sì dúró lójijì nígbà tí omi ṣì kù nínú rẹ̀.

Ó ní, "Prof, ooru tó pọ̀ jù ló mú ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ omi. Omi ò rọ́nà jáde mọ́."

Ó dín ooru kù, ó fi kún afẹ́fẹ́, ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀rinrin pọ̀ lójú ọ̀run, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ìbéèrè tó kù sí i lọ́wọ́ nìyẹn, kò sì tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

"Ṣé o kọ ìyẹn síbí?"

"Rárá o. Ṣé wọ́n máa ń ka irú ìyẹn ni?"

Ẹ wò ó, mi ò mọ nǹkan kan nípa gbígbẹ tòmátì ju kí n jẹ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n mo ti bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé rí, mo sì mọ ọ̀kan tí mo bá rí i. Nínú ìdánwò, ẹnì kan ti mọ ìdáhùn kí o tó jókòó. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o mú un láàárín àwọn tí wọ́n tò síwájú rẹ, kí aago tó lù. Nínú ìwádìí ọ̀mọ̀wé, kò sẹ́ni tó mọ ìdáhùn, kódà ọ̀gá rẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ á bàjẹ́. Àbájáde á kọ̀ láti bára mu. Ẹni tó bá lè jókòó tì í, kó má parọ́ fún ara rẹ̀, kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lóru, ẹni yẹn ló máa parí.

Ohun tí àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́hùn-ún ń wá gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé bíi JAMB ló rí, pé kọ̀ǹpútà kan wà níbìkan tó ń to orúkọ láti òkè wá sísàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ti gba owó ìwádìí, inú owó yẹn ni wọ́n ti máa san owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà fún ọdún mélòó kan. Ó ń wá ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́ nínú láàbù. Yóò wo transcript, yóò ka lẹ́tà àwọn olùkọ́, yóò ka ohun tí ọmọ náà kọ. Ní MIT, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná àti kọ̀ǹpútà kì í béèrè GRE rárá. Láti 2020 tí kòrónà dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka mìíràn náà ti pa á tì tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ní ìdánwò ti ìmọ̀ ẹ̀rọ gan-an tí wọ́n ń pè ní GATE, àwọn IIT ń fi máàkì rẹ̀ dín èrò kù, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń pe ọmọ wá jókòó síwájú ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó gbà á fún oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn tí èrò wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó yẹ kí wọ́n fi kóńgò nìkan pín in, àwọn náà ṣì ń fi eyín gé ọ̀kan wò.

Nílùú tiwa níbí, ẹ rántí Ayọ̀délé Awójọbí, ọmọ Oshodi, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Imperial College ní 1966, tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Èkó. Awójọbí mọ ìwé, àwọn ìdánwò tó ṣe kò parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa tí a gbọ́ òkìkí rẹ̀ fi ń rántí rẹ̀ kì í ṣe máàkì kankan. Ọkọ̀ Autonov 1 ni, èyí tó lè lo gbogbo jíà rẹ̀ láti lọ síwájú àti láti lọ sẹ́yìn. Kò sí ìbéèrè inú ìdánwò kankan tí ọkọ̀ yẹn jẹ́ ìdáhùn rẹ̀.

Èdè àti owó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ mi díẹ̀. Ọmọ yìí fi ìwé kan hàn mí tó fi há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀rọ̀, kí máàkì èdè rẹ̀ lè gòkè. Mo ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, mo sì kọ́ni nínú rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò lò rí láyé mi. Ẹni tó mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ka ìwé púpọ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ nílò ni kó lè ṣàlàyé ohun tó ṣe kí ẹlòmíì lè tún un ṣe. Ọmọ tó sọ pé ooru "ti ilẹ̀kùn mọ́ omi" ti ṣàlàyé. Yorùbá ló fi ṣe é, àlàyé náà sì mọ́ kedere. Iṣẹ́ tó kù ni kó gbé e dé èdè Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ kó dọ̀tí lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì mi rántí iṣẹ́ Babs Fafunwa ní Ifẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbọ́n àti èdè tí a fi bi ọgbọ́n náà léèrè, ohun méjì ni. Ìdánwò kì í sábà yà wọ́n.

Ti owó náà ńkọ́? Owó tí wọ́n ń gbà fún GRE lé ní igba dọ́là. Tí a bá ṣírò dọ́là kan sí náírà 1,500, igba dọ́là jẹ́ náírà 300,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ náírà 70,000. Ẹ pín in: ó ju owó oṣù mẹ́rin lọ, kí ẹni náà má jẹun, kí ó má wọkọ̀. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì mélòó nìyẹn? Ẹni tó bá ṣe é tí kò dára, tó ní òun á tún un ṣe, ta ni yóò tún un san? Nítorí náà, máàkì tí ẹ rí lórí ìwé, owó ilé ẹni wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má fọ́ kóńgò

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, mi ò sí lára àwọn tó ní ká sun ìdánwò níná. Mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mọ bí ìwé pélébé tí ẹnì kan fọwọ́ sí ṣe máa ń dé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ "ọmọ wa ni o". Nínú yàrá bẹ́ẹ̀, máàkì nìkan ni ẹlẹ́rìí tí kò mọ ẹni tí baba ọmọ náà jẹ́. Ọmọ tí kò lọ sí yunifásítì olókìkí, tí olùkọ́ rẹ̀ kò lórúkọ lókè òkun, 168 yẹn lè mú kí ẹni tó fẹ́ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúró kó tún un wò. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká bu iyì fún un.

Ṣùgbọ́n kóńgò náà lè wọnú nídìí. Àwa ará Èkó ò tíì gbàgbé ọdún 2025. Wọ́n kéde pé nínú àwọn ọmọ tó lé ní 1,900,000 tó ṣe ìdánwò JAMB, ó ju 1,500,000 lọ tí wọn ò gba 200 nínú 400. Gbogbo ẹnu ló ń bú àwọn ọmọ: wọn ò kàwé, fóònù ló bà wọ́n jẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá JAMB jáde, ó sunkún lójú gbogbo ayé, ó sì jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ wọn láwọn ibùdó kan. Ọmọ 379,997 ló kàn. 206,610 nínú wọn, ní Èkó níbí ni, ní ibùdó 65. Àṣìṣe yẹn kọ́ ló fa gbogbo ìfìdírẹmi ọdún náà, òótọ́ ni. Mo sì yin ọkùnrin náà tó lè jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, a gba nọ́ńbà gbọ́ ju ọmọ wa tó jókòó níwájú wa lọ. Bí a bá ní ohun mìíràn lọ́wọ́ tí a fi mọ àwọn ọmọ yẹn, ì bá tètè fu wá lára.

Lẹ́tà tí mo kọ

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí, ọ̀rọ̀ náà sì kàn mí.

Bí máàkì kò bá tó, kí ló yẹ kó kún un? Lẹ́tà olùkọ́ ni, nítorí olùkọ́ nìkan ló rí ọmọ náà nígbà tí ẹ̀rọ bàjẹ́. Irú lẹ́tà wo ni àwa ń kọ?

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wà lára wọn. Ọmọbìnrin kan nínú wọn wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan pé gbólóhùn tí mo kọ́ wọn pé ó ní ìtumọ̀ kan, òun rí ìtumọ̀ méjì nínú rẹ̀. Ó tọ̀nà. Ó tún mú ìwé ìlò ẹ̀rọ kan wá, ó fi ibi tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti lè mú kí èèyàn so wáyà òdì hàn mí. Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún ìyàwó mi nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ó wá bẹ̀ mí fún lẹ́tà. Ó fẹ́ lọ kàwé lókè òkun. Àárín ìpàdé méjì ni mo wà. Mo jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ kára, pé ó níwà, pé ó máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. N kò mẹ́nu kan wáyà. N kò mẹ́nu kan ìtumọ̀ méjì. Wọn ò gbà á. Ó padà wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú. Lẹ́tà mi kọ́ nìkan ló wà nínú ìwé rẹ̀, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ tí kò sí nínú máàkì kankan, èmi ni mo jókòó lé e.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ ti di olùkọ́ ní yunifásítì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti sọ fún ọmọ pé kó lọ kọ lẹ́tà ara rẹ̀ wá kí ẹ fọwọ́ sí i? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti yí orúkọ padà nínú lẹ́tà ọdún tó kọjá? A wá ń bínú pé òyìnbó ń fi nọ́ńbà díwọ̀n ọmọ wa. Kí ni a fún un kó fi wọ̀n ọ́n? Bí gbogbo lẹ́tà tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹni tó ń kà á máa kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á padà sórí nọ́ńbà. Ní tèmi, ìdí kan nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi gbà pé máàkì nìkan ló tó: wọn ò rí i kí ohun mìíràn ṣiṣẹ́ fún wọn rí.

Ọmọkùnrin yẹn padà wá ní Ọjọ́rú. Ó ti tún ìwé rẹ̀ kọ. Tòmátì tó bu lọ́jọ́ kẹta ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé ilẹ̀kùn àti omi, ó sọ ibi tí òjò ti borí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì béèrè ohun kan tó fẹ́ fi ọdún márùn-ún wá. Máàkì rẹ̀ gba ìlà kan, nísàlẹ̀, níbi tó yẹ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣì ní àtúnṣe. A jọ ń ṣe é. Ó ní kí n kọ lẹ́tà fún òun. Mo kọ̀. Mo ní kó lọ bá olùkọ́ tó bójú tó project rẹ̀, kó mú ìwé tó fi ń kọ ìwúwo tòmátì sílẹ̀ lóru dání, kó ṣí i síwájú ọkùnrin náà, kó sì rọra bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dárúkọ èyí."

Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ máa ti ilẹ̀kùn. Bí èsì bá dé, máa sọ fún yín, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní ti ọmọbìnrin ìjọ́un, bó bá ń ka èyí, kó dárí jì mí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, "o" àti "ẹ". Mo tún ṣèlérí.